Gbọ̀ngàn Igloo ti Pittsburgh: ṣé ó yẹ kí wọ́n wó o?

Ẹnjiníà_Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnì kan to orúkọ àwọn ilé eré ìdárayá ńlá tí wọ́n ti wó sí ibí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á tán, inú bí mi. Kò sí Civic Arena ti Pittsburgh níbẹ̀! Ilé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Igloo (orúkọ ilé roboto tí wọ́n ń fi yìnyín kọ́)! Bí a bá ń ka irú ilé bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹni tí kò bá mọ Pittsburgh, ìlú irin ni, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Odò Allegheny àti odò Monongahela pàdé níbẹ̀, wọ́n di odò Ohio. Èédú wà nínú òkè, omi ń gbé ẹrù, ilé iṣẹ́ irin sì tò lọ bẹẹrẹ létí odò. Ní àwọn ọdún 1940, èéfín wọn máa ń ṣú bo ìlú débi pé wọ́n ń tan iná ojú títì lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, David Lawrence tó jẹ́ olórí ìlú àti Richard King Mellon tó jẹ́ olówó báńkì pawọ́ pọ̀ pé àwọn máa tún ìlú náà ṣe. Inú iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ni Igloo ti jáde.

Ẹni tó ṣèlérí owó rẹ̀ ní 1949 ni Edgar Kaufmann, oníṣòwò tó ni ilé ìtajà ńlá. (Òun kan náà ló gbé iṣẹ́ fún Frank Lloyd Wright kó kọ́ ilé sórí ìṣàn omi, ilé Fallingwater tí àwọn èèyàn ṣì ń rọ́ lọ wò títí dòní.) Ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan wà, Civic Light Opera. Pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń ṣeré nígbà ooru, òjò a sì dà á rú. Kaufmann ní kí wọ́n kọ́ ilé tó jẹ́ pé bí ojú ọjọ́ bá dára, òrùlé á ṣí. Bí òjò bá ṣú, á padé.

Ohun tí àwọn ayàwòrán ilé Mitchell àti Ritchey gbé jáde nìyí. Òrùlé roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 415, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n pín in sí abala mẹ́jọ, bí ìgbà tí èèyàn bá la ọsàn. Abala méjì dúró pa. Mẹ́fà yòókù ń rìn lórí irin bíi ti rélùwéè, mẹ́ta gba ọ̀tún, mẹ́ta gba òsì, wọn a sì ká jọ sọ́dọ̀ àwọn tó dúró pa. Kò ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Irin tó tó nǹkan bíi 3,000 tọ́ọ̀nù ló wà lókè yẹn, kò sì sí òpó kan ṣoṣo nínú ilé! Apá irin ńlá kan ló dì í mú: ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìta, ó tẹ̀ kọrọdọ gba orí ilé kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 260. Téńté rẹ̀ ni orí gbogbo abala yẹn so mọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961 ni wọ́n ṣí i. Mílíọ̀nù 22 dọ́là ló jẹ. Kí ó tó dé, kò sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá kankan láyé tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Astrodome ti Houston tí gbogbo èèyàn ń pariwo, 1965 ló dé, òrùlé tirẹ̀ kò sì ṣí rí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Nígbà tí 2012 fi máa parí, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Àádọ́ta ọdún péré! Ní tèmi, ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni. Ẹ sọ tiyín.

Ọmọ_Yìnyín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀ òrùlé tán, ẹ ò sọ̀rọ̀ eré! Eré orí ìtàgé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, àmọ́ họ́kì orí yìnyín ló sọ ọ́ di ilé olórúkọ.

Nígbà tí líìgì họ́kì NHL sọ ẹgbẹ́ mẹ́fà di méjìlá ní 1967, Pittsburgh wà lára àwọn tó rí àyè. Igloo ni àwọn ará ìlú ti ń pe ilé yẹn, ni wọ́n bá sọ ẹgbẹ́ náà ní Penguins, orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ yìnyín. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá níbẹ̀, Montreal Canadiens lù wọ́n ní 2–1. Ẹ wá wò ó: ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2010 ni ìdíje ìkẹyìn nínú ilé náà. Ta ni wọ́n gbá? Montreal Canadiens! Wọ́n tún lù wọ́n, 5–2, ìdíje keje, wọ́n sì já wọn kúrò nínú ife. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn náà ló tì í.

Láàárín méjèèjì ni Mario Lemieux wà. Ọdún 1984 ló dé, ọmọ Kánádà, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹ jẹ́ kí n sọ alẹ́ kan ṣoṣo fún yín, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1988, nígbà tí wọ́n gba New Jersey lálejò. Góòlù márùn-ún ni Lemieux jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan nígbà tí eléré ẹgbẹ́ méjèèjì pé. Ó jẹ ọ̀kan nígbà tí tiwọn pọ̀ ju ti ọ̀tá, ó sì jẹ ọ̀kan nígbà tí tiwọn dín. Ọ̀kan jẹ́ pẹnáritì. Ìkarùn-ún, aṣọ́lé New Jersey ti kúrò nílé, àwọ̀n ṣófo, aago sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. 8–6 ni wọ́n parí rẹ̀. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó ṣe é nínú líìgì yẹn.

Òun ló tún gba ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó di òpin àwọn ọdún 1990, gbèsè ti wọ Penguins lọ́rùn, wọ́n fẹ́ kógbá sílé. Lemieux fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó, owó iṣẹ́ tí wọn kò san fún un ti di òbítíbitì. Ó ní òun kò gba owó mọ́, kí wọ́n fi ìpín nínú ẹgbẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ní 1999 ló di onílé nínú ilé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ó tún wọ bàtà yìnyín, ó padà sórí pápá! Olówó ẹgbẹ́ tó tún ń gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ló máa ń dùn mí. Ife Stanley, ife líìgì NHL, mẹ́ta ni wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ń gbé Igloo: 1991, 1992 àti 2009. Kò sí èyí tí wọ́n gbà nílé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní Minnesota, ìkejì ní Chicago, ìkẹta ní Detroit. Ilé tí wọ́n ti gba ti Detroit yẹn, Joe Louis Arena, òun náà ti di wíwó.

Agbọ̀ràndùn

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbọ̀ngàn tuntun wà lódì kejì títì, ìjókòó rẹ̀ dáa, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Kí lẹ ń sunkún fún?

Ẹnjiníà_Àgbà

Ẹwà wo? Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún! Ọ̀dà dúdú àti ìlà funfun. Ìyẹn ni ẹwà tìrẹ?

Ìyá_Ìbejì_PA

Ẹ kú àríyànjiyàn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìlú Pittsburgh yìí ni mo ti tọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹnjiníà, o sọ nípa irin, o sọ nípa owó, o ò sọ ẹni tó ń gbé ilẹ̀ náà kí irin tó dé. Orí òkè tí wọ́n ń pè ní Hill District ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, Lower Hill, ló sún mọ́ àárín ìlú. Ibẹ̀ ni àlejò máa ń kọ́kọ́ dé sí: àwọn Júù, àwọn ará Ítálì, àwọn ará Síríà. Àwọn èèyàn dúdú tó sá kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà wá síṣẹ́ irin, ibẹ̀ ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí. Nígbà tó yá, àwọn dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wylie Avenue ni ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀, ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún, ilé ijó lósì, jáàsì títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Gus Greenlee ló ni ilé fàájì Crawford Grill lójú ọ̀nà yẹn, òun ló tún ni ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Pittsburgh Crawfords, ẹgbẹ́ àwọn dúdú tí Satchel Paige àti Josh Gibson ti gbá.

Ní ọdún 1956 ni ẹ̀rọ ìwólé dé. Éékà 95 ni wọ́n gbà. Ilé tí wọ́n wó tó 1,300. Ibi ìṣòwò lé ní 400. Àwọn tí wọ́n lé kúrò tó 8,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ dúdú. Wọ́n ní ẹgbin pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé ti gbó. Òótọ́ ni pé àwọn ilé míì kò ní omi ẹ̀rọ nínú. Ṣé ilé tí kò lómi, omi ni wọ́n fi ń wò ó, àbí katakata?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń wó Igloo, kì í ṣe gbogbo wa ni ojú wa ń ṣomi.

Agbọ̀ràndùn

Ìyá, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Kí n fi díẹ̀ kún ti Ìyá. Ìlú nìkan kò lè dá irú iṣẹ́ yẹn ṣe, owó kò tó. Òfin ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ ní 1949 ló ṣílẹ̀kùn. Òfin náà ní bí ìlú bá ra àdúgbò tí wọ́n kà sí ahoro, tó wó o, tó sì ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó máa kọ́ nǹkan tuntun sí i ní owó tó kéré sí iye tó ná, ìjọba àpapọ̀ máa san ìdá méjì nínú mẹ́ta àdánù náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí wọ́n bá sọ fún olórí ìlú pé ẹlòmíràn ló máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìwólé, àdúgbò wo ni kò ní dà bí ahoro lójú rẹ̀? Pittsburgh sì ti ní àjọ tó máa ṣe é láti 1946, Urban Redevelopment Authority. Wọ́n ti wà ní sẹpẹ́ kí owó tó dé.

Kò sì tán síbẹ̀. Igloo kọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Gbọ̀ngàn orin àti ilé iṣẹ́ ọnà tún wà nínú àwòrán, ilé gbígbé olówó ńlá náà wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú ilé gbígbé yẹn dìde. Ti iṣẹ́ ọnà kò dìde rárá. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí ló di pápá ìgbọ́kọ̀sí yí Igloo ká. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ọ̀dà dúdú àti ìlà funfun yẹn kò dé ní 2012. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Ẹnjiníà_Àgbà

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn èèyàn ló lé èèyàn kúrò, òrùlé kọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹnì kan níyà, kí wọ́n jẹ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé níyà. Ilé náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin ìlú kan náà. Wọ́n wó àdúgbò ní 1956, wọ́n fi gbọ̀ngàn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wó gbọ̀ngàn ní 2011, wọn ò dá àdúgbò padà. Ìyà ìlọ́po méjì nìyẹn, ẹ̀san kọ́.

Ìyá_Ìbejì_PA

Èyí tó o sọ kẹ́yìn yẹn, mo gbà á wọlé.

Tìróò

Ẹ má bínú, ìbéèrè kan. Ṣé òrùlé yẹn máa ń ṣí lóòótọ́ ṣá? Àbí ti ẹnu lásán ni? Mo wo fọ́nrán ìdíje àtijọ́, mi ò rí ojú ọ̀run rí.

Ẹnjiníà_Àgbà

Ó ń ṣí dáadáa! Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbá họ́kì, ta ló máa ṣí òrùlé sórí yìnyín? Ìgbà ooru ni wọ́n ń ṣí i, fún orin àti eré orí ìtàgé. Àwọn èèyàn jókòó pẹ̀lú òrùlé lórí, eré ń lọ, wọ́n kàn rí i tí ọ̀run ń là lókè wọn, tí wọ́n sì ń rí àwọn ilé gíga àárín ìlú láti orí ìjókòó.

Níbi tí gbogbo rẹ̀ ti dojú rú ni pé ilé roboto kì í gbọ́ orin dáadáa. Ohùn a lọ lu irin, a tún padà. Àwọn Civic Light Opera tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ kò lè fara dà á pẹ́. Ní 1971, Heinz Hall ṣí ní àárín ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣe ilé. Àwọn tó ń pariwo gan-an ni ilé yẹn yẹ fún. The Beatles dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1964, èèyàn tó lé ní 12,000, igbe àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n gbọ́, ta ló gbọ́ orin?

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó wọ ọ̀rọ̀. Ìjókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò tó fún họ́kì, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń fi kún un, títí tó fi sún mọ́ 17,000. Wọ́n so pátákó góòlù ńlá rọ̀ láàárín. Àtúnṣe ẹ̀rọ òrùlé sì ń gbówó lórí. Láti àárín àwọn ọdún 1990, òrùlé yẹn kò ṣí mọ́. Ilé tó jẹ́ pé nítorí ṣíṣí ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ ní títì pa.

Agbọ̀ràndùn

Hàà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ o. Òrùlé tí kò ṣí mọ́ lẹ ní kí wọ́n máa tọ́jú.

Ẹnjiníà_Àgbà

Bí ọkọ̀ bá nílò ẹ́ńjìnì tuntun, ṣé inú odò lo máa tì í sí?

Ọmọ_Yìnyín

Ẹ sinmi, ẹ̀yin méjèèjì 😂. Ẹ jẹ́ kí n mú wa padà sórí eré. Ìyá sọ̀rọ̀ nípa àwọn dúdú tí wọ́n lé lọ. Ẹnì kan wà tí èèyàn kì í sábà dárúkọ mọ́ tí a bá ń sọ̀rọ̀ Igloo: Connie Hawkins.

Ọmọ Brooklyn ni, ọ̀gá nínú básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n da orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀ràn títa ìdíje. Kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀rí, wọn ò fi ẹ̀sùn kàn án ní kọ́ọ̀tù, síbẹ̀ NBA ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó wá ń gbá kiri nínú àwọn líìgì kéékèèké. Nígbà tí líìgì básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù mìíràn, ABA, bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Pittsburgh Pipers gbà á sílé, inú Igloo sì ni wọ́n ti ń gbá. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n gba ife. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1968, ìdíje keje, New Orleans ni wọ́n gbá, 122–113, èèyàn tó lé ní 11,000 kún ibẹ̀. Hawkins ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú líìgì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, NBA fi owó bẹ̀ ẹ́ lórí ẹjọ́ tó pè wọ́n, wọ́n sì gbà á wọlé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kò sí ife tí Pittsburgh gbà nínú ilé yẹn, irọ́ ni. Dúdú kan tí wọ́n lé níbi gbogbo ló gbà á fún wọn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n lé àwọn dúdú kúrò. Oṣù Kẹrin, oṣù kan kí ife yẹn tó dé, ni wọ́n pa Martin Luther King, Hill District sì jóná fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyá_Ìbejì_PA

O ṣeun, ọmọ mi. Ìyẹn dára.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ará Hill kàn jókòó tí wọ́n ń wò. Lẹ́yìn tí wọ́n wó ìsàlẹ̀ tán, àwọn aláṣẹ tún ní ètò láti gòkè sí i. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará àdúgbò gbé pátákó ńlá kan dúró ní oríta Centre Avenue àti Crawford Street. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé àtúnṣe ìlú kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, àti pé ilé tí mẹ̀kúnnù lè san owó rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ sí Lower Hill. Kò kọjá ibẹ̀ lóòótọ́. Freedom Corner ni wọ́n ń pe oríta náà. Ibẹ̀ ni ìwọ́de ti ń gbéra nígbà ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, wọ́n sì ti kọ́ ohun ìrántí síbẹ̀ láti 2001.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Lower Hill, Bethel AME wà níbẹ̀, ìjọ àwọn dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808. Ilé ìsìn wọn tóbi, bíríkì tó rẹwà. Wọ́n wó o ní 1957. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan, Epiphany, tí àwọn aláwọ̀ funfun ń lọ, wà ní àdúgbò kan náà. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí, bó o bá ń lọ wo họ́kì, ojú rẹ á kàn án. Èèyàn kì í ní láti bá mi jiyàn púpọ̀ lórí ìdí tí wọ́n fi wó ohun tí wọ́n wó. Mo kàn máa nàka sí Epiphany.

Tìróò

Ọlọ́run ò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Èmi rò pé wọ́n dá ẹjọ́ Igloo tán ní 2007, kó tó di 2011. Ní 2007, Penguins ń halẹ̀ pé àwọn máa kó lọ sí ìlú míì bí wọn ò bá rí gbọ̀ngàn tuntun. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹnu kò. Gbọ̀ngàn tuntun bọ́ sí òdìkejì Centre Avenue, 2010 ni wọ́n ṣí i, PPG Paints Arena ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn yẹn, ẹ̀tọ́ láti kọ́ nǹkan sórí éékà 28 tí Igloo àti pápá ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ wà bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ta ló máa fẹ́ kí ilé àtijọ́ jókòó sáàárín ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́?

Àwọn tó ń jà fún ilé àtijọ́ gbìyànjú. Wọ́n mú àbá wá pé kí wọ́n lo ilé náà fún nǹkan míì, kódà kí wọ́n ṣí òrùlé kalẹ̀ kí ó di gbàgede ìlú. Àjọ tó ni ilé náà dìbò ní oṣù Kẹsàn-án 2010 pé kí wọ́n wó o. Wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, kò dúró. Wọn ò fi bọ́ǹbù wó o o. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé irin náà, abala kan lẹ́yìn ìkejì.

Ó yẹ ká sọ ti àwọn ará Hill pẹ̀lú. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dúró kí katakata dé. Ní 2008, wọ́n mú kí ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ àti Penguins fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ohun tí àdúgbò máa rí gbà nínú gbọ̀ngàn tuntun. Ilé ìtajà oúnjẹ wà nínú rẹ̀, torí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Hill ti wà láìsí ọ̀kan. Ó ṣí ní 2013. Ó pa dé ní 2019.

Agbọ̀ràndùn

Ọdún mẹ́fà. Ilé ìtajà kò pẹ́ tó òrùlé.

Ẹnjiníà_Àgbà

Ìyá, mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn báyìí? Ṣé àtúnṣe tí wọ́n ṣèlérí dé?

Ìyá_Ìbejì_PA

Díẹ̀ dé. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan wà, I-579, tí wọ́n là sáàárín Hill àti àárín ìlú. Wọ́n ti da afárá gbalasa bo apá kan rẹ̀, wọ́n fi ṣe ọgbà ìtura, bíi éékà mẹ́ta, 2021 ni wọ́n ṣí i. Frankie Pace Park ni orúkọ rẹ̀, orúkọ obìnrin Hill kan tó ní ṣọ́ọ̀bù orin, tó sì jà fún àdúgbò náà. Ilé ìfowópamọ́ First National Bank kọ́ ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí apá kan ilẹ̀ náà. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí wọ́n dá àdúgbò padà, báńkì kọ́ ni wọ́n ń bèèrè.

Ti Bethel nìkan ló mú mi lórí wú. Ìjọ náà kò dákẹ́ láti 1957, ọdún lórí ọdún. Ní 2023, Penguins gbà pé àwọn máa fún wọn ní éékà kan ààbọ̀ padà lórí ilẹ̀ Lower Hill, nítòsí ibi tí ilé ìsìn wọn wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò, éékà kan ààbọ̀ nínú 95.

Ẹnjiníà_Àgbà

Ó kéré. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ó yẹ kí wọ́n fi apá irin yẹn sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 260 rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n wó gbogbo ìyókù. Kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ẹnjiníà rí ohun tí ìlú irin lè ṣe nígbà tí irin ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_PA

Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, mo bá ọ fọwọ́ sí i, àfi kí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù 400 yẹn sára rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àyè máa gbà á.

Ẹnjiníà_Àgbà

Ó máa gbà á dáadáa. Mo fara mọ́ ọn.

Tìróò

Ìyá, ṣé àwòrán àdúgbò yẹn wà níbì kankan kí wọ́n tó wó o? Mo ti rí ti Igloo, ó pọ̀ lọ jàra. Ti Wylie Avenue ni mò ń wá.

Ìyá_Ìbejì_PA

Ó wà, ọmọ mi. Wá orúkọ Teenie Harris. Ayàwòrán ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier ni, ìwé ìròyìn àwọn dúdú. Ó ya Hill fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìgbéyàwó, ìjà, ọmọ ilé ìwé, agbábọ́ọ̀lù, oníṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà. Carnegie Museum of Art níhìn-ín ló ń tọ́jú wọn, nǹkan bí 80,000, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ Wylie Avenue síbi ìwákiri, kó o fara balẹ̀, torí o ò ní tètè dìde.